ÌFURA LOÒGÙN ÀGBÀ: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ BÍÀ INÚ ÌGÒ TÍ WỌ́N NÍ Ó TI ÒKÈ ÒKUN WÁ

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ọjà kan tí àwọn ẹgbẹ́ tó ní ìsọ̀ máa ń rà nígbà ìnáwó. Ọjà náà ni bíà inú ìgò tí ẹni tó ń tà á sọ pé òkè òkun ló ti wá.

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kì í fi ọtí kan ẹnu. A tún mọ̀ pé ẹgbẹ́ wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí kò gbà kí ọtí wọ ìsọ̀ wọn rárá. Kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ má ṣe fo ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tí a ó kọ́ lórí bíà náà ni ẹ ó lò fún òróró, fún mílíìkì inú agolo, àti fún omi inú ike.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Ẹgbẹ́ kan wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé a kò kọ ìtàn yìí láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Disẹ́ḿbà kan, obìnrin kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ó bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n bá òun ra páálí bíà mẹ́wàá, kí òun máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbìmọ̀ gbà. Wọ́n tún rò pé ọdún ń bọ̀, ọjà yóò yá, wọ́n sì pinnu láti ra 50 páálí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkùnrin kan gbé ọjà wá nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní bíà òyìnbó ni, pé láti Kútọnu ló ti gba orí omi wọlé, ìdí nìyí tí ó fi rọjú. Iye tí wọ́n ń ta irú páálí bẹ́ẹ̀ níta jẹ́ ₦24,000. Ọkùnrin yìí ní òun yóò gba ₦19,000. Akápò ka ìdajì owó fún un lójú ẹsẹ̀, ó ní òun yóò san ìyókù ní ọjọ́ kejì.

Ìyá tí ń tajà ní ìsọ̀ ẹgbẹ́ ni kò tètè tọwọ́ bọ ìwé ọjà. Ó ṣí páálí kan, ó to ìgò mẹ́fà sórí tábìlì, ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀ kí alága, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi o, Bàbá Alága. Mi ò rí rìsíìtì, mi ò sì lè kọ ohun tí mi ò mọ orírun rẹ̀ sínú ìwé."

Alága dá a lóhùn pé, "Màmá, ọkùnrin yẹn ń kánjú. Ẹ ṣáà kọ ọ́."

Ìyá náà ní, "Ẹni tó ń kánjú tà fún mi, èmi kì í kánjú rà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì ni àwa dé ibẹ̀ fún àbẹ̀wò wa. A bá ọjà nílẹ̀, a bá owó tó ti lọ, a sì bá ìgbìmọ̀ tí ẹnu wọn kò kò. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná, kí a kọ́ ẹ̀kọ́ wa. A ó padà sọ́dọ̀ wọn.

KÍ LÓ DÉ TÍ ORÚKỌ ÒKÈ ÒKUN FI Ń DÙN LÉTÍ WA?

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Nígbà kan, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé bíà inú ìgò wá sí Nàìjíríà. Ọdún 1946 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀, oṣù Júùnù ọdún 1949 sì ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Ní ti Guinness, ọdún 1950 ni wọ́n forúkọ ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀ níbí láti máa kó sítáòtù wọlé láti Dublin. Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́ ilé ìpọntí sí Ìkẹjà. Láti ìgbà náà wá, ìgò tó ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ òkèèrè lè jẹ́ èyí tí wọ́n pọn ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ wo ìwé ara ìgò dáadáa, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Nàìjíríà ni wọ́n ti pọn ọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn.

Ohun kejì ni pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà bálì tí wọ́n fi ń pọn bíà wọlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ yí padà sí ọkà bàbà àti àgbàdo tiwa. Àwọn tó ń mu bíà nígbà náà mọ̀ pé adùn rẹ̀ kò rí bákan náà mọ́. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá tọ́ ìgò kan wò tí ó ní "kò dà bí èyí tí mo mọ̀," ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́, síbẹ̀ kí ìgò náà má jẹ́ ayédèrú.

Ṣùgbọ́n ohun kẹta ni ó yẹ kí gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń rajà fi sọ́kàn. Ó ti pẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ti fi bíà àti sítáòtù, ì báà jẹ́ ti inú ìgò tàbí ti inú agolo, sínú ìwé àwọn ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé. Àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń tẹ ìwé náà jáde. Ìjọba a máa tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa wá èyí tó dé kẹ́yìn. Ẹ wá rò ó wò: ẹni tó ní orí omi ni òun gbà kó bíà wọlé kò yin ọjà rẹ̀ rárá. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé ọjà òun kò kọjá lójú ẹnikẹ́ni tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Àti pé bí ó bá ṣe yín ní jàǹbá, ẹ kò ní rí ẹni tí ẹ ó dì mú.

ÌFURA MẸ́TA, KÌ Í ṢE Ẹ̀YỌ KAN

Bí ìgò bíà bá kọ yín lóminú, ẹ má ṣe tètè pariwo "ayédèrú." Ohun mẹ́ta ló wà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Èkíní ni ayédèrú gan-an. Ẹnìkan rọ ohun mìíràn sínú ìgò, ó lẹ ìwé ẹlòmíràn mọ́ ọn, tàbí ó pa ọjọ́ àtijọ́ rẹ́ kí ó lè tẹ ọjọ́ tuntun sí i.

Èkejì ni ojúlówó tó ti bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ pọn ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ. Oòrùn ni ọ̀tá bíà. Òdòdó kan tí ń jẹ́ hops ni wọ́n fi ń mú kí bíà korò díẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá bá ohun tó ti ara òdòdó yìí jáde nínú bíà, òórùn burúkú ni yóò máa ti inú ìgò jáde. Ìgò aláwọ̀ igi máa ń dènà ìmọ́lẹ̀ yìí ju ìgò aláwọ̀ ewé àti ìgò funfun lọ. Ooru náà ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: bíà tó bá pẹ́ nínú ooru yóò máa ní adùn bíi ti bébà tó tutù. Bí kòkòrò àìfojúrí bá sì ráyè wọ inú rẹ̀, yóò kan.

Ẹ̀kẹta ni ojúlówó tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tí adùn rẹ̀ ṣàjèjì sí wa.

Ìdí tí a fi ń pín in sí mẹ́ta ni pé ẹni tó jẹ̀bi kì í ṣe ẹnìkan náà. Fún èkíní, ọ̀daràn ni a ń wá. Fún èkejì, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló to páálí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún oṣù méjì. Fún ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Ẹgbẹ́ tó bá pariwo "olè" lé oníṣòwò tó ní rìsíìtì lórí nítorí ohun tí oòrùn ṣe ti ba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́, ó sì ti ba tirẹ̀ náà jẹ́.

Ẹ WÒ Ó KÍ Ẹ TÓ TỌ́ Ọ WÒ

Ẹ lọ sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kí ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń ra ẹja. Wọn kì í ra ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n á wo ojú ẹja bóyá ó mọ́, wọ́n á ṣí abẹ́ etí rẹ̀ bóyá ó pọ́n, wọ́n á tẹ ara rẹ̀ bóyá ó le. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí olùtajà ẹgbẹ́ ṣe sí ìgò:

1. Ọjọ́. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára páálí àti èyí tó wà lára ìgò. Ṣé wọ́n bára mu? Ẹ fi ìka tútù ra ọjọ́ náà. Bí ó bá ń ṣí, tàbí tí òjìji òǹkà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ dá a dúró.

2. Nọ́ńbà. Ilé-iṣẹ́ a máa tẹ nọ́ńbà sára ìgò kí wọ́n lè mọ ọjọ́ tí wọ́n pọn ọ́n. NAFDAC, àjọ tí Òfin Kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 1993 gbé kalẹ̀, a sì máa fún ọjà tí wọ́n bá gbà ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Bí nọ́ńbà yìí kò bá sí, ẹ má rà á. Bí ó bá sì wà, ẹ má tíì yọ̀, nítorí ayédèrú a máa ya nọ́ńbà ẹlòmíràn lò. Ẹ wá nọ́ńbà náà nínú ìwé ọjà tí NAFDAC ṣí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní Greenbook. Orúkọ ọjà tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ara ìgò mu.

3. Ìdérí. Ṣé orúkọ tó wà lórí ìdérí ni ó wà lára ìgò? Ṣé ó dípẹtà? Ṣé etí rẹ̀ wọ́ bí èyí tí wọ́n ti ṣí rí tí wọ́n tún dé padà?

4. Ìwọ̀n. Ẹ to ìgò mẹ́fà sórí tábìlì tó tẹ́jú. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ a máa rọ wọ́n dọ́gba. Bí ọ̀kan bá kún dé ọrùn tí èkejì sì mọ sí èjìká, ọwọ́ ènìyàn ló rọ ọ́.

5. Ara ìgò. Ẹ ṣọ́ra níbí. Ìgò bíà ilẹ̀ wa tí a ń dá padà pẹ̀lú kíréètì a máa ní ìlà funfun níbi tó ti ń fara kan ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí wọ́n ń fọ̀ ọ́ tún lò ni. Ṣùgbọ́n bíà tí wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yúróòpù dé nínú páálí, báwo ni ara ìgò rẹ̀ ṣe wá gbó?

6. Inú ìgò. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ láì mì ín. Bíà mìíràn a máa ṣú díẹ̀ bí ó bá tutù púpọ̀, tí ó bá sì yọ́, á mọ́ padà. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí pàǹtí tó ń léfòó, tàbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ bíà tí irú rẹ̀ máa ń mọ́ gaara, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìgò tó bá kùnà nínú èyíkéyìí nínú èkíní títí dé ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni má tọ́ ọ wò.

AHỌ́N NÌKAN KÒ TÓ

Nígbà mìíràn ìgò á yege lójú, ṣùgbọ́n àwọn tó rà á á ní adùn rẹ̀ kò dára. Báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ọkàn wọn ló ń tàn wọ́n? Ìdánwò kan wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí àti oúnjẹ ń lò, kò sì ná ni lówó. Ẹ wá ìgò kan tó jẹ́ irú kan náà, tí ẹ rà pẹ̀lú rìsíìtì. Kí méjèèjì tutù dọ́gba. Kí ẹnìkan wà lẹ́yìn aṣọ, kí ó bu bíà sínú ife mẹ́ta tó jọra, méjì láti inú ìgò kan, ẹyọ kan láti inú ìgò kejì. Kí ẹni tó ń mu ún, láìrí ìgò, sọ ife tó yàtọ̀. Kí ènìyàn mẹ́fà ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má gbọ́ èsì ara wọn.

Bí wọ́n bá kàn ń méfò ni, ó ṣeé ṣe kí méjì nínú mẹ́fà gbà á, nítorí ife mẹ́ta ni, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ìdáhùn. Nítorí náà, bí méjì tàbí mẹ́ta péré bá gbà á, ojú ló ń bá ahọ́n sọ̀rọ̀. Bí márùn-ún tàbí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá gbà á, ìyàtọ̀ wà lóòótọ́. Ẹ rántí pé ìyàtọ̀ nìkan ni ìdánwò yìí lè fi hàn. Kò lè sọ pé èyí tó yàtọ̀ jẹ́ ayédèrú, kò sì lè sọ pé èyí tó dùn kò ní májèlé.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1900. Ní Manchester àti agbègbè rẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Àwọn dókítà kọ́kọ́ sọ pé àmujù ọtí ló fà á. Dókítà kan tí ń jẹ́ Ernest Reynolds ni kò gbà bẹ́ẹ̀, ó yẹ bíà náà wò, ó sì bá májèlé arsenic nínú rẹ̀. Inú ṣúgà tí wọ́n fi ń pọn bíà ni májèlé náà ti wá, nítorí ásíìdì tí wọ́n fi ṣe ṣúgà ọ̀hún kò mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ṣàìsàn, àádọ́rin ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló kú. Ojúlówó ni ìgò wọn, ojúlówó ni ilé-iṣẹ́ wọn, ahọ́n kò sì mọ nǹkan kan.

Èyí tó sún mọ́ wa ṣẹlẹ̀ ní oṣù Épírì ọdún 2015 ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n ń dákú, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ kan. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àyẹ̀wò ló wá fi hàn pé methanol ni, oró kan tó jọ ọtí lójú àti lẹ́nu, nínú ògógóró. Ó lé ní ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bá a lọ. Ní ọdún náà kan náà ni irú rẹ̀ pa ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ọtí líle ni èyí, kì í ṣe bíà. Nítorí náà ni a fi ń sọ ọ́ gbangba: ìdánwò ife mẹ́ta wà fún bíà nìkan, kì í ṣe fún ọtí líle láéláé. Bí ẹnìkan bá mu ọtí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ó ń bì, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kó lọ sùn kí ojú rẹ̀ dá.

Kí a má sì rò pé ayédèrú jẹ́ ìtàn àtijọ́. Ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 2023, NAFDAC ti ọjà Eziukwu ní Aba pa. Wọ́n bá ìsọ̀ tó lé ní 240 níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ayédèrú ọtí àti ohun mímu, tí wọ́n sì ń to ó pamọ́, tí wọ́n tún ń fi ọjọ́ tuntun sára ọjà tó ti bàjẹ́. Ẹ kíyè sí oṣù náà. Ìgbà tí ọwọ́ wa kún fún ìnáwó ni ọwọ́ wọn náà kún fún iṣẹ́.

OWÓ ÀTI ÒFIN

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò ẹgbẹ́ tí a sọ ìtàn wọn. Páálí kan fi ₦5,000 rọjú. Nínú 50 páálí, èrè tí wọ́n ń wò lọ́kàn jẹ́ ₦250,000. Ohun tí wọ́n ti san jẹ́ ₦475,000. Bí owó náà bá ṣòfò, tí èrè wọn lórí páálí ojúlówó kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ₦1,000, wọ́n gbọ́dọ̀ ta 475 páálí kí wọ́n tó padà sí ojú kan náà. Owó yìí kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. Ìfipamọ́ alásè, ti awakọ̀, ti ìyá ẹlẹ́ja ni.

Ní ti òfin, òfin ilẹ̀ wa lórí ayédèrú oògùn àti oúnjẹ tí kò dára kò dá ẹni tó ṣe é nìkan lẹ́bi. Ó ká ẹni tó tà á àti ẹni tó tọ́jú rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ tó bá fura tí ó sì tún tà á kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Èyí bá ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ mu. Ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1844, nígbà tí àwọn ènìyàn 28 ṣí ìsọ̀ kékeré wọn ní Rochdale, àbùlà pọ̀ nínú ọjà àwọn oníṣòwò ìgbà náà. Ìlànà wọn ni ọjà tí kò ní àbùlà àti òṣùwọ̀n tó pé. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ọkà óòtì àti àbẹ́là ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Wọn kò tà á pọ́ọ́kú ju gbogbo ènìyàn lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n tà.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ YÓÒ ṢE BÍ Ó BÁ FURA

1. Ẹ dá títà rẹ̀ dúró. Ẹ kó o sí yàrá ọ̀tọ̀, ẹ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì.
2. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye páálí, nọ́ńbà àti ọjọ́ ara rẹ̀, ẹni tó tà á, nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, iye tí ẹ san.
3. Ẹ má dà á nù, ẹ má fọ́ ọ, nítorí òun ni ẹ̀rí yín.
4. Ẹ lo rìsíìtì yín. Ẹni tó bá jẹ́ oníṣòwò tòótọ́ yóò gba ọjà rẹ̀ padà tàbí kí ó wá wò ó.
5. Ẹ fi tó NAFDAC létí. Ẹ tún lè lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, tàbí ti Ìpínlẹ̀ Èkó, LASCOPA.
6. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni ní gbangba kí àyẹ̀wò tó jáde.
7. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e, ì báà jẹ́ ohun ìtìjú.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ẸGBẸ́ NÁÀ ṢE PARÍ

Nígbà tí a jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ náà, a fi ìgò mẹ́fà tí ìyá olùtajà tò sórí tábìlì hàn wọ́n. Ọjọ́ ara páálí àti ti ara ìgò kò bára mu. Ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kò sí. A pe fóònù ọkùnrin náà, kò lọ. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ wá sọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn: "Ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí ìsìnkú yẹn. Nínú ariwo ìlù, ta ni yóò mọ̀?"

Kò sí ẹni tó fèsì fún ìgbà díẹ̀. Akápò tó san owó náà ni ó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi ni mo san án. Ṣùgbọ́n èmi náà máa wà níbi ìsìnkú yẹn, àwọn ọmọ mi náà yóò wà níbẹ̀."

Wọ́n ti yàrá náà. Wọ́n ra ọtí ilẹ̀ wa pẹ̀lú rìsíìtì fún obìnrin tó ń sìnkú. Inú rẹ̀ kò dùn, nítorí ó ti sọ fún àwọn àlejò rẹ̀ pé bíà òyìnbó ni òun yóò fi ṣe wọ́n lálejò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá kó ọjà náà lọ. Wọ́n ní àìní nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n tún tẹ̀ sí i ti tó fún wọn láti bà á jẹ́. Títí di òní, kò sí ẹni tó sọ fún wa ohun tó wà nínú àwọn ìgò yẹn gan-an.

Ní ìpàdé gbogbogbòò, alága dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kan bò. Nítorí pé ìgbìmọ̀ rú òfin ìrajà ẹgbẹ́, wọ́n gbà láti san owó náà padà díẹ̀díẹ̀ láti inú ìpín èrè tiwọn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò yọ wọ́n nípò. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin wọn pé olùtajà ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọjà tí kò ní rìsíìtì, ì báà jẹ́ alága ló rà á.

Ẹ jẹ́ kí a di èyí mú: kò pọn dandan kí ẹgbẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìgò kí ó tó kọ̀ ọ́. Ẹni tó ń tà ni ó yẹ kó fi hàn wá ibi tí ọjà rẹ̀ ti wá. Bí kò bá lè fi hàn, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kí owó ẹgbẹ́ má ṣe wà lára owó bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ YÍN

1. Nínú ìsọ̀ ẹgbẹ́ yín, ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọjà? Ṣé ó wà nínú ìwé?
2. Níbo ni ẹ ń to ohun mímu sí? Ṣé oòrùn ń dé ibẹ̀?
3. Ẹ mú ohun mẹ́ta láti inú ìsọ̀ yín, yálà òróró, mílíìkì tàbí omi. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC wọn. Ṣé ó bá orúkọ tó wà lára wọn mu?
4. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni akápò yẹn, kí ni ẹ̀ bá sọ?

Ire o. Ó di oṣù mẹ́ta òní.